GsMTx4: oró aláǹtakùn ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ gadolinium lọ́dọ̀ mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi patch clamp (pípẹ́ẹ̀tì gíláàsì tín-ín-rín tí a fi ń wọn iná tó ń gba awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá) wo sẹ́ẹ̀lì iṣan àpòlúkù, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Ọdún méjì gbáko ni mo fi lo gadolinium, irin kan tí a máa ń pò mọ́mi, kí n tó ra GsMTx4, èròjà inú oró aláǹtakùn, ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti rà á tipẹ́, àmọ́ òun náà ní wàhálà tiẹ̀, màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ìkan tó kù yẹn, ẹni tó tà á fún mi ló jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí ò mọ̀. Àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn ilẹ̀kùn kéékèèké tí iyọ̀ ń gbà wọlé, wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì iṣan àpòlúkù tó jẹ́ pé nínà ló ń ṣí wọn. Tí àpòlúkù bá kún tó wú, awọ sẹ́ẹ̀lì á nà, wọ́n á ṣí, sódíọ̀mù á wọlé, kálísíọ̀mù díẹ̀ náà á bá a wọlé, iná tó wà lára awọ yẹn á yí padà, ìyẹn ló máa wá jí àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì kálísíọ̀mù tí wọ́n ń pè ní L-type, kálísíọ̀mù á wá ya wọlé bí omi òjò, iṣan á sún kì. Àlàyé tí Kirber, Walsh àti Singer gbé kalẹ̀ nìyẹn ní 1988, sẹ́ẹ̀lì àpòlúkù ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fi pípẹ́ẹ̀tì gíláàsì mú awọ ẹ̀, wọ́n wá ń fa atẹ́gùn, bí wọ́n ṣe ń fà á sí i ni ṣánẹ́ẹ̀lì ń ṣí sí i. Títí dòní mo ṣì fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn.

Ó wá kù kéèyàn rí nǹkan fi dí ṣánẹ́ẹ̀lì yìí lẹ́nu kó lè mọ̀ pé òun ló ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Gadolinium ni gbogbo wa mọ̀, látọdún 1989 tí Yang àti Sachs ti fi hàn nínú ẹyin àkèré Xenopus pé máíkírómólà 10 (ìwọ̀n bó ṣe pọ̀ tó nínú omi) ti tó o. Kò wọ́n, ẹ pò ó mọ́mi tán ẹ ti ń lò ó. Ibi tó ti bà jẹ́ ni pé kò mọ ẹni tó yẹ kó mú. Ó ń dí ṣánẹ́ẹ̀lì tí nínà ń ṣí, ó tún ń dí L-type pẹ̀lú. Nínú iṣan àpòlúkù, ilẹ̀kùn méjèèjì yẹn ló tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà kan náà, tẹ́ ẹ bá wá da gadolinium sí i, tẹ́ ẹ na iṣan tí kò sún kì mọ́, èwo lẹ fẹ́ sọ pé ẹ tì nínú méjèèjì? Ó dà bí ọlọ́pàá tó débi ìjà tó kó oníjà kó olùwòran, ìjà parí lóòótọ́ àmọ́ ẹ ò lè mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ya gíráàfù tó rẹwà, ọ̀gá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní "L-type ńkọ́?", ẹnu mi wọ.

Pẹ̀lú ẹ̀ náà, gadolinium àti phosphate ò lè jọ gbé inú omi kan. Bicarbonate náà ńkọ́, bákan náà ni. Á kàn dì, á rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ̀yin á máa rò pé ẹ fi 10 sí i, ohun tó ṣẹ́ kù lómi lè má tó nǹkan kan. EDTA àti EGTA, àwọn kẹ́míkà tó ń so mọ́ irin, á gbé e mì pátápátá. HEPES ni kẹ́ ẹ fi ṣe bọ́fà omi yín. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ẹ má bi mí jàre.

Ó yá, GsMTx4. Inú oró tarantula kan tó wá láti Chile, Grammostola, ni wọ́n ti yọ ọ́, Suchyna àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní láàbù Sachs ló gbé e jáde ní 2000 (ẹ ṣáà ń rí orúkọ Sachs, bàbá yẹn ò fi ọ̀rọ̀ yìí lọ́rùn sílẹ̀ láti 1984 tóun àti Guharay ti rí irú ṣánẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ nínú iṣan ọmọ adìyẹ tí ò tíì jáde nínú ẹyin). Máíkírómólà 5 ni mo ń lò. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo fa awọ bí mo ṣe máa ń fà á, ìlà orí kọ̀ǹpútà dákẹ́ rọ́rọ́, mo wá yí iná sẹ́ẹ̀lì mìíràn sókè láti pe L-type, òun dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ síbí yìí o, torí ibẹ̀ ni èèyàn púpọ̀ ti ń fowó ṣòfò. Ìta sẹ́ẹ̀lì ni oògùn yìí ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ṣe lẹ fi pípẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì láì já a, inú pípẹ́ẹ̀tì yẹn ni ojú ìta awọ tẹ́ ẹ ń wò kọjú sí, tẹ́ ẹ bá wá lọ da oògùn sínú abọ́ tó yí sẹ́ẹ̀lì ká, kò ní débẹ̀. Inú pípẹ́ẹ̀tì ni kó wà. Èmi máa ń fi omi pípẹ́ẹ̀tì tí kò ní oògùn kún ẹnu pípẹ́ẹ̀tì díẹ̀, màá wá rọ olóògùn sẹ́yìn ẹ̀, kó tó wọ́ dé iwájú mo ti rí bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì rò pé ó ti ilẹ̀kùn pa o, ṣe ló mú kó le láti ṣí, tẹ́ ẹ bá fà á rékọjá bó ṣe yẹ, ó ṣì máa ṣí. Ẹ ka bẹ́ ẹ ṣe ń fà á, ẹ má fẹnu fà á.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú ẹni tó tà á ni pé ìwọ̀n gbogbo ìyẹ̀fun inú ìgò ló kọ sára ẹ̀, iyọ̀ àti omi tó wà nínú ẹ̀ mọ́ ọn, kò kọ iye peptide (èròjà oògùn náà fúnra ẹ̀) gan-an. Èmi náà ṣe ìṣirò pẹ̀lú ìyẹn, ó ku díẹ̀ káàtó, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń rò pé oògùn ò ṣiṣẹ́. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní kí n bi ẹni tó ṣe é. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá sì dé, ẹ pín in wẹ́wẹ́ kó tó wọ fìrísà, kò fẹ́ dídì-yíyọ́ lemọ́lemọ́.

Ẹ̀dà D GsMTx4 ni mo tún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ránṣẹ́, èyí tó dà bí òjìji inú dígí. Ní 2004 ni wọ́n ti fi hàn pé òun náà ń dí ṣánẹ́ẹ̀lì bákan náà, ìyẹn ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo, ọ̀rá ara awọ tó yí ṣánẹ́ẹ̀lì ká ló ń bá ṣeré. Tèmi ni pé ẹ́ńsáìmù la fi ń tú sẹ́ẹ̀lì àpòlúkù síra wọn, tí a ò bá sì fọ̀ ọ́ dáadáa, ìyókù ẹ̀ lè gé ẹ̀dà L (èyí tó rí bíi ti inú oró gan-an) jẹ. Ẹ̀dà D, kò rí i gé.