Àjẹsára I-2 fún lúkúlúkú adìẹ: ohun tí ojú mi rí

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ ìbílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ wá gbọ́ nípa àjẹsára I-2. Ilé ìwádìí ìṣègùn ẹran tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ló ń ṣe é, lúkúlúkú ló sì wà fún. Àìsàn yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa: Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, lọ́dún 1952. Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń jà jù. Adìẹ á sorí kọ́, apá rẹ̀ á wálẹ̀, á máa ya ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, á máa mí helehele. Èyí tí kò bá tètè kú, ọrùn rẹ̀ á lọ́. Kò sí oògùn tó ń wò ó, ata gígún inú omi náà kò ràn án.

LaSota, àjẹsára lúkúlúkú mìíràn, ni mo ń lò tẹ́lẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n inú yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà títí délé, omi mímu la sì sábà máa ń pò ó mọ́. Adìẹ tó ń jẹ̀ kiri ò ní dúró ti abọ́ omi yín, gọ́tà ló ń lọ! I-2 fara da ooru jù ú lọ (ẹ má tìtorí ìyẹn gbé e sínú oòrùn o), ẹ̀kán kan lójú kan ló sì tó, àtìyá àtọmọ. Alẹ́ la máa ń ṣe é, nígbà tí wọ́n bá ti wọlé sùn. A ó yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó kán an, a ó dúró kó ṣẹ́jú, ó parí. Láti ìgbà náà, ọyẹ́ ń dé, ọyẹ́ ń lọ, adìẹ wa ń yé. Inú mi dùn sí i gidigidi.

Ibi tó ti ni mí lára ni pé ìgò kan pọ̀ ju adìẹ ilé kan lọ, bí a bá sì ti ṣí i, kò ṣeé tọ́jú pẹ́. Àwa ará àdúgbò ló ń dáwó rà á, a sì ń kán an fún gbogbo adìẹ lálẹ́ kan náà. Oṣù mẹ́rin-mẹ́rin la ń tún un ṣe, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ ṣáà ti ṣíwájú ọyẹ́. Adìẹ tó bá ti ń ṣàìsàn, ó ti pẹ́ jù fún un.

Lúkúlúkú nìkan ni I-2 wà fún o. Òròmọdìẹ tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, oògùn amprolium nínú omi ló fẹ́, àti ilẹ̀ gbígbẹ. Èyí tí kókó yọ sí lára ogbe àti ojú, ẹ̀fọn ló máa ń kó o ràn án, àjẹsára tirẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Ẹ béèrè I-2 lọ́wọ́ dókítà ẹran tó wà nítòsí yín. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára ìgò, ẹ sì jẹ́ kó yọ ọ́ nínú fíríìjì lójú yín kí ẹ tó sanwó.