Ẹ̀wù òjò tí mo rà ní ọjà Wuse

Kubwa ni mò ń gbé. Nígbà tí àwa mọ́kànlá nínú ìjọ wa ń múra láti lọ fẹsẹ̀ rin ìrìn àjò mímọ́ ní Wales, mo yà ní ọjà Wuse lọ́dọ̀ bọ̀ọ̀dá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta ẹ̀wù òjò àlòkù. Ó bu omi sí i lójú mi, omi náà ń yí kiri bí omi orí ewé kókò. Ó ní, "Màmá, ẹ máa gbé e lọ, kò ní dójú tì yín." Mo san náírà 8,500.

Ọjọ́ kejì tí a kúrò níbi kànga Winefride Mímọ́ ní Holywell, tí a dorí kọ erékùṣù Enlli, níbi tí ìtàn ní wọ́n sin 20,000 ẹni mímọ́ sí, òjò dé. Kì í ṣe irú òjò Àbújá tó máa ń rọ̀ wìì tí á sì dá. Wẹ́liwẹ́li ni, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, atẹ́gùn sì ń fẹ́ ẹ síni lójú. Pápá àgùntàn di ẹrẹ̀ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. À ń kọrin, à ń di ara wa lọ́wọ́ mú.

Ẹ̀wù yẹn gbìyànjú o! Búláòsì mi gbẹ táútáú. Síìpù rẹ̀ ló bí mi nínú: ó há sí mi lọ́rùn, òtútù ti pa ìka mi, eyín ni arábìnrin kan fi fà á. Omi wọ àpò rẹ̀ pẹ̀lú, ìwé orin mi rin gbingbin.

Ẹ fa síìpù rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì fi ọ̀rá wé ìwé yín.