Kí Ẹ Tó Ra Kàtúùnù Rama, Ẹ Ka Iye Ìṣẹ́jú Tó Wà Lẹ́yìn Páálí

Fíìmù "Ramayana: The Legend of Prince Rama", kàtúùnù ìtàn ìwáṣẹ̀ India nípa ọmọba Rama, tí àwọn ará Japan àti India jọ ṣe, kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo lọ́jà. Èyí tí wọ́n tún ṣe fún Amẹ́ríkà, "The Prince of Light", ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí pàǹpẹ́: wọ́n á wò ó tán, wọ́n á sì rò pé odidi fíìmù làwọn wò.

Ẹ yí páálí sẹ́yìn. Odidi fíìmù náà jẹ́ ìṣẹ́jú 135. Ti Amẹ́ríkà kò ju nǹkan bí 96 lọ. Bí ẹ bá wá rí 129 tàbí 130, ẹ má fòyà, wọn ò gé nǹkan kan. Àwòrán 24 ni fíìmù ń fi hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àmọ́ ètò PAL, ìyẹn ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ àti DVD ní India, Nàìjíríà àti Britain, jẹ́ 25, nítorí náà fíìmù á yára díẹ̀. Ohùn á tinrín ní ìwọ̀nba. Ẹni tí etí rẹ̀ bá yá sí orin nìkan ló máa mọ̀.

Ìtàn yìí ò gba ìkánjú rárá. Vishwamitra, ọlọ́gbọ́n inú igbó, wá yá Rama lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ láti bá àwọn iwin jà. Rama ṣẹ́ ọrun òrìṣà Shiva, ó fi gba Sita níyàwó. Kaikeyi, ìyàwó bàbá Rama, fi ìlérí àtijọ́ mú ọba lápàpàǹdodo, Rama sì di èrò inú igbó fún ọdún 14. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ kí Ravana, ọba àwọn iwin, tó jí Sita gbé rárá. Ẹ wá há a mọ́ wákàtí kan àtààbọ̀: àwọn èèyàn á wọlé, wọ́n á kú, kí ẹ tó mọ orúkọ wọn.

Ní ti ohùn, ti Amẹ́ríkà ò burú. James Earl Jones, ẹni tó fọhùn fún Mufasa nínú The Lion King, ló ń ròyìn. Bryan Cranston ni Rama. Ṣùgbọ́n ohùn Hindi ti àkọ́kọ́ ni mo fara mọ́. Arun Govil, tó ti ṣe Rama nínú eré Doordarshan, tẹlifíṣọ̀n ìjọba India, ní 1987, ló tún fọhùn fún Rama níbẹ̀, Amrish Puri sì ni Ravana. Bí Puri bá bú ramúramù, ilé á mì. Ẹ ṣọ́ra o: ohùn tuntun ni wọ́n fi sí èdè Hindi tó jáde ní sinimá India ní oṣù kìíní 2025. Nínú odidi ti Gẹ̀ẹ́sì, èdè Sanskrit ni wọ́n fi kọ orin Vanraj Bhatia, ó sì dùn mọ́ni létí bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ya gbogbo rẹ̀. Yugo Sako, Koichi Sasaki àti Ram Mohan ló darí rẹ̀. Ram Mohan ló ń ṣọ́ aṣọ, ilé àti ìṣesí àwọn ará India kí ó má baà di ti Japan. Ó sì níye lórí, torí pé nígbà tí ìwé ìròyìn kan ṣi ọ̀rọ̀ gbé nípa fíìmù mìíràn tí Sako ṣe lórí Ramayana, VHP, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Hindu kan, kọ̀wé láti fi ẹ̀hónú hàn. Ẹ wo ibi tí Hanuman, ọ̀bọ alágbára, ti gbé odidi òkè ewé òògùn kọjá lójú ọ̀run nítorí Lakshmana, àbúrò Rama. Lórí àdàkọ láti inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, òkè yẹn á kàn dúdú bí èédú. Lórí èyí tí wọ́n tún fọ̀ sí 4K (àwòrán tó mọ́ ju HD lásán lọ), ojú àwọ̀ á mọ́ gedegbe.

Bí etí àwòrán bá ń ya bí eyín ìyàrun nígbà tí ogun bá ń lọ, àdàkọ ọ̀hún ló fà á. Nínú VLC, ètò tí a fi ń wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ lẹ́tà D, á lọ. Bí gbogbo èèyàn bá rí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n sì ga, ẹ tẹ A títí wọ́n á fi padà sípò. Àmọ́ bí wọ́n bá ti gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán dànù kí ó lè kún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, kò sí bọ́tìnnì tó lè dá a padà.

Àwọn tó ń ra àwo láti òkè òkun ló yẹ kí wọ́n fara balẹ̀ jù. Wọ́n pín ayé sí agbègbè fún àwo, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì. DVD India àti ti Nàìjíríà wà ní agbègbè 5, nítorí náà ti India á ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ti London àti Japan jẹ́ 2, ti Amẹ́ríkà 1. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá tì mọ́ agbègbè kan ò ní gba àwo agbègbè mìíràn. Ní ti Blu-ray, Japan àti Amẹ́ríkà jẹ́ A, Britain àti Nàìjíríà B, India C. Àwo tí wọ́n kọ Ultra HD sí kì í ní agbègbè. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "4K remaster" lára páálí Blu-ray lásán tàn yín: inú 4K ni wọ́n ti fọ̀ ọ́, 1080p (HD lásán) ló wà nínú àwo. Àwọn tó ń lo dráífù kọ̀ǹpútà lè yí agbègbè DVD rẹ̀ padà, àmọ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré. Èyí tí ẹ bá yàn ní ìkarùn-ún ló máa bá dráífù náà kalẹ̀.