Omi tàbí ẹ́tánọ́ọ̀lù: èwo ni ká fi rẹ ewé fún ìwádìí?

Ká ní ewúro gbígbẹ tí a ti lọ̀ kúnná ló wà nílẹ̀, tí a sì fẹ́ rẹ ẹ́ kí èròjà inú rẹ̀ lè jáde. Omi kò wọ́n, kò sì léwu. Ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ògidì èròjà inú ọtí, ń jẹ owó, ó sì ń gbiná; ẹ má gbé e sórí sítóòfù rárá o!

Ṣùgbọ́n omi ewé kì í pẹ́ kan. Bó bá sùn mọ́jú lórí tábìlì nínú ooru wa yìí, ẹ ó rí ìfófòó lójú rẹ̀, òórùn á sì ti yí padà. Ti ẹ́tánọ́ọ̀lù kì í tètè bàjẹ́, ó sì yá gbẹ, torí 78°C ló ti ń hó.

Ooru gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Tu Youyou, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Ṣáínà, rí i pé sísè ń ba èròjà tó ń pa ibà nínú ewé *Artemisia annua* jẹ́. Éétà, kẹ́míkà olómi kan tó ń hó ní nǹkan bí 35°C, ló fi rí i yọ. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015.

Bó bá jẹ́ àgbo táwọn èèyàn ń sè mu lẹ fẹ́ yẹ̀ wò, omi ni kẹ́ ẹ lò, ohun tí wọ́n ń mu nìyẹn. Bó bá jẹ́ èròjà kan ṣoṣo lẹ fẹ́ yọ sọ́tọ̀, ẹ́tánọ́ọ̀lù tí a bu omi díẹ̀ là ló máa ń rọrùn jù.