Alágogo tó bá mi yẹ Seiko 6139 wò

Ẹni tó fẹ́ ta aago ọwọ́ Seiko 6139 náà fún mi búra pé ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ ohunkóhun lára rẹ̀. Alágogo, ìyẹn ẹni tó ń tún aago ṣe, tí mo gbé e fún ò tilẹ̀ fetí sí ìbúra. Ẹ̀yìn aago ló kọ́kọ́ yí sókè, ó ka nọ́ńbà ibẹ̀: èyí àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà tó parí ọdún tí wọ́n ṣe é, èkejì ni oṣù. 9 àti 7. Ó lè jẹ́ 1969, ó sì lè jẹ́ 1979, àmọ́ “Water 70m Proof” (pé omi ò ní wọ inú rẹ̀) tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí Seiko ń lò níbẹ̀rẹ̀, ló jẹ́ ká mọ̀ pé oṣù keje ọdún 1969 ni.

Ló bá ní kí n wá fi awò wo ojú aago fúnra mi. “Resist” ni mo rí dípò “Proof”! Ọ̀rọ̀ tí Seiko wá ń lò lẹ́yìn náà nìyẹn. Ojúlówó Seiko ni ojú aago náà o, kì í ṣe ayédèrú, ara aago mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ẹ̀rọ inú pé. Iṣẹ́ alágogo náà falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ó sì ya fọ́tò gbogbo ohun tó rí fún mi. Mo fọwọ́ sọ̀yà fún un. Mo ti dá aago padà fún ẹni tó fẹ́ tà á.