Mo ra CD E.T. Mensah fún bàbá mi, ó dùn àmọ́ orin ń tètè tán

Ẹ jẹ́ n tètè sọ pé kì í ṣe ara mi ni mo rà á fún o. Bàbá mi ti lé ní 90 ọdún, kò sí ọdún Kérésì tí wọn ò ní sọ ti alẹ́ tí E.T. Mensah àti báńdì rẹ̀, Tempos, wá láti Gold Coast, Gánà òní nìyẹn, tí wọ́n wá ṣeré l'Ékòó ní nǹkan bí 1950, tí àwọn ò tíì pé ogún ọdún, tí àwọn yá kóòtù ẹ̀gbọ́n àwọn wọ̀ torí wọn ò ní jẹ́ kéèyàn wọ gbọ̀ngàn ijó láìwọ kóòtù. Ìtàn yẹn, mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Mo wá ní kí n gbọ́ ohun tí wọ́n gbọ́.

CD mẹ́rin ni, pẹ̀lú ìwé. Ike rẹ̀ ti fọ́ lápá kan kó tó dé, ẹni tó tà á ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́, mo fi ránṣẹ́, mi ò gbúròó ẹ̀ mọ́ dòní. Ó kúkú ń kọ ṣá.

Ohùn ẹ̀ mọ́ ju bí mo ṣe rò lọ, torí Decca, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, ló gbà á sílẹ̀ láti 1952 lọ. Mensah fúnra ẹ̀ ló ń fun tùròǹpẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ apoògùn òyìnbó ni nídìí iṣẹ́ o! Ibi tí bóńgò ti wọlé ni bàbá mi ti fi ẹ̀bà sílẹ̀, wọ́n ń fi ìka lu tábìlì. Wọ́n ní ṣáájú ìgbà yẹn, orin ijó òyìnbó bíi waltz, foxtrot àti swing làwọn báńdì Èkó ń lù, Bobby Benson náà ń lù ú, tó ò bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀ ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ògiri lo máa dúró sí pẹ̀lú ìgò míńírà lọ́wọ́. Àwọn Tempos náà wọ kóòtù, fèrè náà ni wọ́n gbé wá, àmọ́ haílaìfù, ìlù tí ìdí mọ̀, ni wọ́n lù. Kò pẹ́ táwọn tiwa náà fi yí sí haílaìfù, Bobby Benson kọ orin awakọ̀ takisí, Victor Olaiya dá báńdì tiẹ̀, Cool Cats, sílẹ̀ ní 1954.

Ohun tó bí bàbá mi nínú ni pé gbogbo orin ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Rẹ́kọ́ọ̀dù ayé ìgbà yẹn ò lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lójú kan. "Ṣé ó ti tán ni?" ni wọ́n ń bi mí ṣáá, pé ní gbọ̀ngàn, ẹ̀wù á rin gbindin kí wọ́n tó já orin kan. Torí ẹ̀ ni mo ṣe yọ ìràwọ̀ kan, mẹ́rin nínú márùn-ún, kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ṣe é.

Mo ti wá bá wọn tẹ ibi tó máa ń tún orin kan náà kọ. Ìgbà kẹfà rèé láàárọ̀ yìí, màmá wa ti gbé àga wọn lọ sí kíṣìnì.