Búṣì ẹ̀yìn Corolla tí mo rà ní Ládipọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò l'Ékòó: mo lọ jà, àṣé èmi ni mo jẹ̀bi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Corolla 2003 sí 2008, ọ̀rọ̀ búṣì (rọ́bà tó wà nínú irin róbótó) tó wà nídìí irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ ni mo bá wá o, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ra á láàárín oṣù mẹ́rin.

Tí mo bá ti gun búǹpù báyìí, ẹ̀yìn á dún gbì, èrò ẹ̀yìn á ní "kí lẹ kó sí búùtù?" Mẹkáníìkì àdúgbò ò tiẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò, ó ní ṣọ́ọ̀kù ni, mo ra ṣọ́ọ̀kù méjì, owó lọ, gbì ò lọ. Ẹlòmíì ní bíárìn ni, àmọ́ bíárìn tó ti kú máa ń kùn bí oyin ni, béèyàn ṣe ń sáré sí i ló ṣe ń pọ̀ sí i, tèmi ò ní dún rárá tí títì bá tẹ́jú, kòtò ló ń dúró dè. Mo bá fi jáàkì gbé e lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbé e lé sítáǹdì (ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín), mo ki irin gígùn bọ ẹ̀gbẹ́ búṣì, mo tì í báyìí, rọ́bà ti já kúrò lára irin ẹ̀ pátápátá.

Oníṣọ́ọ̀bù tí mo bá ní Ládipọ̀, Íbò ni, àmọ́ Yorùbá ẹ̀ já gaara ju tèmi lọ. Ó ní kí n sàmì síbi tí ti àtijọ́ kọjú sí kí n tó yọ ọ́, torí ihò inú rọ́bà yẹn níbi tó gbọ́dọ̀ wò. Yíyọ ẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ó ti dógùn-ún mọ́bẹ̀, hákísọ́ọ̀ ni mo fi rẹ́ irin ìta ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tú. Omi ọṣẹ ni mo fi ti tuntun wọlé, gíríìsì lásán máa ń ba rọ́bà jẹ́.

Oṣù mẹ́ta lé díẹ̀, gbì tún dé. Inú bí mi, mo yọ búṣì náà, mo gbé e padà lọ bá oníṣọ́ọ̀bù yẹn, àtẹnu ọ̀nà ni mo ti ń pariwo ayédèrú. Ó kàn yí búṣì yẹn wò, ó ní, "Ọ̀gá mi, nígbà tẹ́ ẹ fún bóòtù ẹ̀ pa, ṣé táyà wà nílẹ̀ àbí ó ṣì wà lókè?" Òkè ló wà. Ó ní ìyẹn ló pa á: tẹ́ ẹ bá fún un nígbà tí táyà ń fì, ọjọ́ tí mọ́tò bá balẹ̀ ni rọ́bà ti lọ́, gbogbo kòtò á wá máa ya á sí i. Kí n kọ́kọ́ dè é wọlé, kí mọ́tò jókòó lórí táyà ẹ̀ dáadáa, kí n tó fún un pa. Mo ní ẹ fún mi ní tòkunbọ̀ nígbà yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní rọ́bà yẹn ti gbó kó tó wọkọ̀ ojú omi.

Kò dá owó padà o, ó kàn já iye èkejì wálẹ̀. Ó ti pé oṣù méje báyìí, kò dún. Mo fún un ní 4 nínú 5, mo yọ ọ̀kan torí kò kí ń fúnni ní rìsíìtì. Àwọn ṣọ́ọ̀kù àtijọ́ tí ò ṣe nǹkan kan, wọ́n ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ìyàwó mi ní kí n wá nǹkan ṣe sí i.